Bí Baálé Ilé Bá Fẹ́ Rẹ Mọ́tò Sílẹ̀

  Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ka àkọlé yìí tán, wọn yóò sì ṣí èèpo ẹ̀yìn wò bóyá ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin ni wọ́n ṣèèṣì rà. Ojú ìwé wa náà ni o. Ní oṣù tí ó kọjá, bí a ti ń pa ẹran mọ́ nígbà tí kò bá sí iná ni a bá ara wa sọ. Ní oṣù yìí, abẹ́ mọ́tò ni a ń lọ, nítorí pé owó ilé ni ó fẹ́ gba ibẹ̀ lọ, àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì ń jókòó sórí rẹ̀.

Lẹ́tà kan ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọlọ́mọ kan ni ó kọ ọ́ sí mi láti Òfósù, ní ilẹ̀ Ìdànrè. Ọkọ rẹ̀ ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó sì ti ra Golf tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní GTI, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti Golf lásán lọ. Inú gbogbo ilé dùn sí i. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí baálé fẹ́ rẹ mọ́tò náà sílẹ̀, kí ó súnmọ́ ilẹ̀ bí ẹkùn tí ó ba de ẹran. Wọ́n ti sọ fún un ní Ìbìní pé bí ó bá fi sípíríǹgì kúkúrú tí ó le sí i, mọ́tò náà yóò máa lọ bí ọfà, kò sì ní máa fì sí ọ̀tún fì sí òsì mọ́ bí ó bá ń yà ní kọ́nà. Owó tí ó fẹ́ ná sí i ni owó àjọ tí tọkọtaya náà ti ń dá láti ọdún tí ó kọjá, èyí tí wọ́n fẹ́ fi ra fírísà kí ìyàwó lè máa ta omi tútù àti ẹja yìnyín ní ẹ̀bá títì. Oyún oṣù mẹ́fà sì wà nínú ìyàwó náà. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá wọn jà ni, tàbí kí n dákẹ́?”

Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì dákẹ́. Ọkùnrin tí ó fẹ́ràn mọ́tò rẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Bí àwa náà bá rí aṣọ tí ó wù wá, a mọ bí ojú wa ti ń rí. Ohun tí ó yẹ ni kí ẹ mọ ohun tí owó náà fẹ́ rà, kí ẹ lè bá wọn jókòó bí ẹni tí ó mọ̀, kì í ṣe bí ẹni tí ń kùn.

Ojú mi ti rí irú rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí àkọ́bí mi kò tí ì pé oṣù méje, èmi àti baálé mi gbéra láti Oǹdó, a gba Ọ̀rẹ̀, a sì dorí kọ Ìbìní nítorí ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí. Mẹkáníìkì kan ti bá wọn fi ayùn gé ìká kọ̀ọ̀kan kúrò lára sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́tò wa. Èmi gan-an ni mo san lára owó náà, nítorí mo rò pé bí mo bá bá wọn dá sí i, wọn yóò tètè gbàgbé rẹ̀. Mọ́tò náà dára ní wíwò. Àwọn ọmọdé àdúgbò máa ń pàtẹ́wọ́ bí ó bá ń kọjá. Bí a ti kù díẹ̀ kí a wọ Òfósù, omi òjò kún inú kòtò kan, kò sì jọ kòtò rárá. Mọ́tò bọ́ sínú rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì kọlu etí ọ̀dà. Ó dún bí ẹni fi ọmọ odó gbá ìkòkò irin. Kò pẹ́ tí iná pupa kan fi tàn níwájú baálé mi. Nígbà tí wọ́n fi máa dúró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti ń dà sílẹ̀ láti ẹ̀yìn wa wá, ilà dúdú kan tí ó gùn lójú títì. Abọ́ irin tí ọ́ìlì ń gbé inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́ǹpù, ti sán.

Ìyá àgbàlagbà kan tí ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ pè mí. “Ìyàwó, gbé ọmọ náà wá sí ibòòji. Oòrùn yìí kì í mọ ọmọ tuntun.” Wọ́n nu àpótí fún mi láti jókòó, wọ́n sì rán ọmọkùnrin kan kí ó bá wa wá mẹkáníìkì. Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni a dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ ṣú tán kí a tó rí ẹni tí ó bá wa jó o pọ̀, lójú ọ̀nà tí gbogbo ayé mọ̀ pé kò yẹ kí ọjọ́ ṣú ènìyàn sí. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ mọ́tò, wọ́n sì mi orí. Wọ́n ní: “Ta ni ó gé e lẹ́sẹ̀?”

A kò dé ibi ìgbéyàwó náà. Owó sọ́ǹpù, owó ọ́ìlì, owó iṣẹ́ àti owó sípíríǹgì mìíràn tí a padà rà, n kò fẹ́ rò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé òkìkí lásán ni ti ọ̀nà yẹn. Ní ọdún 2007, Diezani Alison-Madueke, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀nà Ìbìní sí Ọ̀rẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n ti tún apá púpọ̀ ṣe láti ìgbà náà wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé àkókò òjò kan lè la kòtò tí kò sí níbẹ̀ ní àná, àti pé ọ̀nà tí ó ti ẹ̀bá títì wọ inú oko kòkó lọ kì í ṣe ọ̀nà ọ̀dà. Oníṣòwò kòkó kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìwọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó wà lábẹ́ mọ́tò. Sípíríǹgì ni ó ru ú. Ṣé ẹ rí bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì nígbà tí ọmọdé bá fò lé e? Ọmọ yóò sọ sókè, yóò balẹ̀, yóò tún sọ sókè. Bí sípíríǹgì nìkan bá wà lábẹ́ mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jó láti kòtò kan dé èkejì. Ohun tí ń dá ijó náà dúró ni ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ rántí ẹ̀kọ tí ń hó lórí iná. Bí ẹ bá rọra ro ó, orógùn gbà fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ ro ó kíákíá, ó ta kò yín, apá yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì gan-an nìyẹn. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ọ̀pá irin dídán kan sì wà nínú ọ́ìlì náà tí ìdí rẹ̀ ní ihò tín-ín-tìn-tín. Bí táyà bá gòkè tàbí tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ọ́ìlì ní láti fi ipá gba inú àwọn ihò wọ̀nyí kọjá. Bí táyà bá ti yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ń ta kò ó tó. Agbára tí ìbá fi jó di ooru, afẹ́fẹ́ sì gbé ooru náà lọ. Ìdí nìyí tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná lẹ́yìn ìrìn-àjò lórí ọ̀nà játijàti. Àléébù rẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé epo pupa tí ó dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́ a máa ṣàn bí omi nígbà tí ó bá rí iná. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì náà ń fúyẹ́ bí ó bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì máa pò mọ́ ọn títí yóò fi hó bí ọṣẹ. Ẹ kò lè fi ìfófòó ta ko ohunkóhun. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe ṣọ́ọ̀kì fi ń ti gáàsì naitirójìn sínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, kí ó tẹ ọ́ìlì mọ́lẹ̀ kí ó má lè hó. Nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù pé “ṣọ́ọ̀kì oní-gáàsì” ni, ẹ mọ̀ pé ọ́ìlì ṣì ni ó ń ṣe iṣẹ́. Gáàsì kàn ń ṣọ́ ọ ni.

Nígbà náà, kí ni mọ́tò tí ó yá ń fẹ́? Gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì, gbogbo agbára búréèkì àti gbogbo yíyà sí ọ̀tún tàbí sí òsì, ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà jáde, ibẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún táyà kan. Bí táyà bá fò kúrò nílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré, mọ́tò náà kò ní búréèkì, kò sì ní sítíárìn ní ẹsẹ̀ yẹn. Ní ojú títì tí ó tẹ́ bí tábìlì, tàbí ní pápá tí wọ́n là fún eré mọ́tò, sípíríǹgì líle kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì ní kọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí táyà mú ilẹ̀. Òótọ́ ni àwọn tí ó bá baálé sọ̀rọ̀ ní Ìbìní sọ, bí títì náà bá tẹ́. Bí kò bá tẹ́, sípíríǹgì líle kò lè ká kí kòtò tó kọjá, ó kàn ń gbé mọ́tò sọ sókè ni, táyà sì ń fò. Mọ́tò tí ó rọ̀ níwọ̀nba, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì yè, ni yóò yá ju èyí tí ó le gbagidi lọ lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Bí baálé bá ní obìnrin kò mọ ohun tí a ń pè ní eré mọ́tò, ẹ fi Peugeot 504 dá wọn lóhùn. Ní ọdún 1975 kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tí ń jẹ́ Ove Andersson wa 504 nínú ìdíje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún fi 504 gbà á. Ẹrẹ̀, erùpẹ̀ àti òkúta ni wọ́n gbà kọjá. Wọ́n fi kún agbára abẹ́ mọ́tò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi 504 gba Ọ̀rẹ̀ lọ sí Ìbìní ní ìgbà náà kò ka ìwé kankan lórí rẹ̀, wọ́n kàn mọ̀ pé ìdí kò dùn wọ́n nígbà tí wọ́n dé ni.

Ní ti gígé sípíríǹgì, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan hàn yín. Sípíríǹgì tí ìká rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ jẹ́ 6, bí a bá gé ẹyọ kan kúrò tí ó ku 5, ó ti le sí i ní ìdá kan nínú ìdá márùn-ún, nítorí pé ìká tí ó kù ni yóò máa pín gbogbo ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì tí a ṣe fún ìká 6 kò lè káwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá sì fi jáàkì gbé mọ́tò náà, ẹsẹ̀ yóò wálẹ̀, sípíríǹgì tí a gé yóò sì tú kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà náà, bí táyà bá bọ́ sínú kòtò ńlá. N kò rí ìdí kankan tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gé sípíríǹgì. Ti GTI tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí àkọ́kọ́ rẹ̀ ti jáde ní 1976 ni àwọn tí ń ṣe é ní Jámánì ti máa ń jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ kí ó sì le ju Golf lásán lọ díẹ̀. Ohun tí baálé fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kí ni ó wá dé tí mọ́tò náà fi ń fì? Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Mọ́tò tòkunbọ̀ ti rin ìrìn tirẹ̀ ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti gbó, àwọn rọ́bà abẹ́ rẹ̀ tí à ń pè ní búṣì ti sán, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti tú. Ohun tí ẹni tí ń wà á ń pè ní “sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀ jù,” àìsí ṣọ́ọ̀kì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá wá fi sípíríǹgì líle lé ṣọ́ọ̀kì tí ó ti kú, ẹ ti ra bẹ́ẹ̀dì onísípíríǹgì tuntun fún ọmọdé tí ń fò.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kò gba owó kankan. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró sí ibi tí ó tẹ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun kan mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi sílẹ̀ lójijì. Bí ó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tí ó sì jókòó, ṣọ́ọ̀kì igun yẹn ṣì ń mí. Bí ó bá ń jó lọ jó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ wo ara ṣọ́ọ̀kì bóyá ọ́ìlì ti rin ín. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yí ojú táyà ká: bí ó bá jẹ lójú kan, kò jẹ lójú kejì, tí ó rí gbágungbàgun, táyà náà ti ń fò láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí baálé bá tẹ búréèkì, ṣé imú mọ́tò máa ń forí sọlẹ̀ bí ẹni tí ń kí àgbà? Ó jẹ́ àmì. Kí baálé wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ o. Ẹ má lọ sọ fún wọn pé ẹ kà á nínú ìwé ìròyìn. Ẹ ní kí wọ́n wá fi hàn yín.

Táyà àti àwọn rọ́bà abẹ́ ni kí owó kọ́kọ́ bá. Táyà tí ó ti kú kò ní ohun tí ṣọ́ọ̀kì lè ṣe fún un. Búṣì kò wọ́n tó ṣọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n bí ó bá tú, gbogbo abẹ́ mọ́tò yóò máa dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, sítíárìn kò sì ní dúró sójú kan. Àwọn kan yóò fi búṣì ọ̀rá líle lọ̀ yín, irú èyí tí wọ́n ń lò fún eré. Ó mú ṣánṣán, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta títì ni ẹ ó máa gbọ́ nínú ilé mọ́tò. Búṣì rọ́bà bíi ti àtilẹ̀wá ni èmi yóò rà.

Lẹ́yìn náà, ṣọ́ọ̀kì. Ibí ni kí apá tí ó tóbi jù nínú owó lọ, tuntun ni kí ẹ sì rà. Mo lè ra ilẹ̀kùn mọ́tò ní tòkunbọ̀. Mo lè ra iná ẹ̀yìn rẹ̀. Sípíríǹgì àtilẹ̀wá tí kò sán, tí kò sì tẹ̀, mo lè rà á náà. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ dà bí kànìnkànìn tí ẹlòmíràn ti fi wẹ̀, a kò mọ ohun tí ó kù nínú rẹ̀. Bí owó kò bá tó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ra méjì fún iwájú tàbí méjì fún ẹ̀yìn. Ẹ má ra ẹyọ kan láé, nítorí pé mọ́tò tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yè tí ti òsì kú yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀ jù.

Orúkọ tí ẹ ó gbọ́ ní ọjà pọ̀: Bilstein àti Sachs ti Jámánì, Koni ti ilẹ̀ Netherlands, KYB ti Japan, Monroe ti Amẹ́ríkà. Wọ́n dára, bí ó bá jẹ́ pé àwọn gan-an ni ó wà nínú páálí. Ayédèrú pọ̀ bí eṣú. Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára irin bóyá ó bá ti páálí mu, ẹ wo ibi tí wọ́n jó pọ̀ bóyá ó mọ́ tónítóní. Bí ó bá jẹ́ oní-gáàsì, ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò padà jáde fúnra rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ béèrè iye owó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun fún obìnrin tí ó ti ra aṣọ ẹbí rí.

Bí baálé bá ṣì ń fẹ́ kí mọ́tò má fì rárá, irin kan wà tí ó so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ lábẹ́, tí wọ́n ń pè ní sitabiláísà. Èyí tí ó nípọn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ yóò dín fífì kù ní kọ́nà, kò sì ní rẹ mọ́tò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó so méjèèjì pọ̀, kòtò tí táyà ọ̀tún bá bọ́ sí, ti òsì yóò gbọ́ níbẹ̀. Òun ni mo fi sí ìkẹyìn, bí owó bá kù. Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ bá ti pààrọ̀ líńkéèjì rẹ̀ tí ó gbó, ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ṣe òdìkejì, tí wọ́n ń ki rọ́bà sáàárín ìká sípíríǹgì kí mọ́tò lè ga. Èyí náà ń da ṣọ́ọ̀kì láàmú, mọ́tò gíga gogoro sì ń tètè dojúdé. Gíga tí ó bá wá láti ilé-iṣẹ́ ti tó.

Ọjọ́ tí a bá máa fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí i, bí ẹ bá ráyè, ẹ gbé àga yín lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mo mọ̀ pé wọn yóò wò yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò. Kí ó gbé ṣọ́ọ̀kì dúró lóòró, kí ó fà á jáde kí ó sì tì í wọlé bí ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún kí afẹ́fẹ́ lè kúrò nínú ọ́ìlì. Kí ó má ṣe fi páláyà di ọ̀pá dídán yẹn mú; bí ó bá fi ha á pẹ́ńpẹ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ yóò ya, ọ́ìlì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò kí oṣù tó parí. Kí ó má sì fún nọ́ọ̀tì búṣì le tán nígbà tí mọ́tò bá ṣì wà lórí jáàkì. Kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí táyà kan ilẹ̀, kí ó tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rọ́bà yóò lọ́ nígbà gbogbo, yóò sì tètè ya. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ ṣe aláyíǹmẹ́ǹtì, kí táyà tuntun má bàa jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan wọ̀nyí kò gba owó púpọ̀, sùúrù ni wọ́n ń gbà.

Nípa fírísà, arábìnrin mi ti Òfósù, ẹ mú bébà kan, ẹ̀yin àti baálé yín. Ẹ kọ iye búṣì, iye ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin àti iye aláyíǹmẹ́ǹtì sí apá kan. Ẹ kọ iye sípíríǹgì kúkúrú, iye ṣọ́ọ̀kì tí ó bá a mu, nítorí pé dandan ni, àti iye sọ́ǹpù kan sí apá kejì. Ẹ má gbàgbé sọ́ǹpù o, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín méjèèjì ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ owó fírísà. Bí ọmọ bá sì fẹ́ wọ mọ́tò, ẹ̀yìn ni ìjókòó rẹ̀, kì í ṣe orí itan yín níwájú. Nísinsìnyí tí oyún ti yọ, ẹ jẹ́ kí bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ gba abẹ́ ikùn kọjá lórí egungun ìbàdí, kí ó má ṣe gba orí oyún. Kòtò tí kò ṣe ẹlòmíràn ní nǹkankan, aboyún yóò mọ̀ ọ́n lára, ẹ sì lè sọ èyí fún baálé láìtijú. Ó wọ ọkùnrin létí ju ìṣirò ìká 6 lọ.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé èyí tí mọ́tò wa sán, a tún gba Òfósù kọjá pẹ̀lú sípíríǹgì àtilẹ̀wá àti ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin. A dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà. Wọ́n dá wa mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò kí wọ́n tó na ọwọ́ gba ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ọ̀nà tí a fi ń yọ àbààwọ́n kòkó kúrò lára aṣọ funfun, mo ti rí lẹ́tà yín. Oṣù tí ń bọ̀ ni tiyín.